Ta ló ní 'next tomorrow' kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì?

Àbúrò mi ọkùnrin yà sílé mi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú fèrèsé dánfó. Ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n bi òun lòun dáhùn dáadáa, títí wọ́n fi dé orí èyí tó kẹ́yìn: ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Òun sì dáhùn pé, "Next tomorrow, sir." Ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó síwájú rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Èkejì wá ń ṣàlàyé fún un, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé "the day after tomorrow" ni wọ́n ń sọ.

Wọn ò tíì pè é padà. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ kan yìí ló fà á o, gbogbo wa la mọ iye èèyàn tó ń wá iṣẹ́ nílùú Èkó yìí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láì mu omi ti wá di ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ lẹ́nu kó tó sọ ọ́ jáde.

Mo ní kó jókòó, mo bu oúnjẹ fún un, mo sì sọ fún un pé ọ̀gá tó fi í rẹ́rìn-ín yẹn ò mọ ìtàn èdè tó ń bá onílé ṣọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan péré fún ọ̀túnla nígbà kan rí. 'Overmorrow' ni. Myles Coverdale, tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n tẹ odidi Bíbélì jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1535, lò ó nínú ìwé Tobit. 'Morrow' ni ọ̀la, 'over' sì ni ìkọjá: ọjọ́ tó kọjá ọ̀la. Wọ́n ní ti ẹ̀yìn náà: 'ereyesterday', ìyẹn ìjẹta. 'Ere' túmọ̀ sí ṣáájú, ọjọ́ tó ṣáájú àná. Méjèèjì ló ti kú lẹ́nu wọn. Ẹ wá wo àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn àti Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ́ ọmọ ìyá: 'übermorgen' ni wọ́n ń pe ọ̀túnla títí dòní, 'vorgestern' ni wọ́n ń pe ìjẹta, àtọmọdé àtàgbà ló ń sọ ọ́. Òyìnbó ìlú Ọba ló sọ tiẹ̀ nù, tó wá ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ ohun tí màmá àgbà wa ń fi ọ̀rọ̀ kan sọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà kan, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, kọ́kọ́ lanu tó ní 'next tomorrow', kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ ló rí tó ya, ló bá lẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford kéde ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà tí wọ́n fi kún un. 'Next tomorrow' wà níbẹ̀, òun àti danfo, okada, buka, mama put àti tokunbo. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni o. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí ará London, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ó lè má yé e. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta tó jókòó sí ọ́fíìsì kan l'Ékòó, tí ọmọ Nàìjíríà kẹrin wá ń bá sọ̀rọ̀, kí ni kò yé wọn níbẹ̀? Ẹnu ọ̀nà tí onílé ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún 2020 ni wọ́n ṣì ń ṣọ́.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Nígbà tí mo wà ní JSS 2, pankẹ́rẹ́ mẹ́ta ni olùkọ́ wa kan nà mí nítorí mo kọ 'next tomorrow' sínú lẹ́tà tí wọ́n ní ká kọ sí ọ̀rẹ́ wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo san náírà márùn-ún owó ìtanràn nítorí mo fi Yorùbá tọrọ ẹ́résà. Pátákó kan wà lára ògiri kíláàsì wa, ẹ̀yin náà á ti rí irú rẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ sọ 'vernacular'.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo jáde ilé ìwé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo orírun ọ̀rọ̀ yẹn. Látìn ni. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ kan, 'verna'. Ẹrú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú tí wọ́n rà lọ́jà, ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó rẹ̀ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fa 'vernaculus' yọ, tí Gẹ̀ẹ́sì fi wá ní 'vernacular'. Nígbà tí mo kà á, mo jókòó, mo ń wo ògiri. Gbogbo owó ìtanràn yẹn! Gbogbo ọmọ tí wọ́n fi pátákó kọ́ lọ́rùn!

Ṣùgbọ́n kí n má fi ìbínú purọ́ fún yín. Nígbà tí àwọn ará Róòmù fi ń sọ 'vernaculus' nípa èdè, kì í ṣe ẹrú ló wà lọ́kàn wọn mọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni 'ti ilé wa', 'ti ìbílẹ̀'. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni vernacular nílùú Ọba láyé ìgbà tí Látìn jẹ́ èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Isaac Newton tí gbogbo ẹni tó ṣe fíṣíìsì mọ̀, Látìn ló fi kọ ìwé ńlá rẹ̀, Principia, lọ́dún 1687. Ìgbà tó di 1704 ló tó fi èdè ìyá rẹ̀ kọ Opticks. Ká ní ó wà ní kíláàsì wa ni, yóò san náírà márùn-ún.

Ìlú Ọba ti ja irú ìjà tí à ń jà yìí rí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ní ọ̀rúndún 16, àwọn alákọ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ Látìn ńláńlá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń kó ẹrù tokunbo wọ Àpápá. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ: 'inkhorn terms'. Ìwo ẹran ni wọ́n ń tọ́jú tàdáwà sí nígbà náà, ìwo yẹn ló ń jẹ́ 'inkhorn'. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde látinú tàdáwà ni, kì í ṣe látẹnu èèyàn. Thomas Wilson kọ ìwé kan lọ́dún 1553 lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, ó sì fi lẹ́tà àwàdà kan síbẹ̀ tó kún fún irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí, kí àwọn òǹkàwé lè fi rẹ́rìn-ín. Àfi bíi pé ó ti gbọ́ orúkọ Patrick Obahiagbon, tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin wa láàárín 2007 sí 2011, tí gbogbo Nàìjíríà ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì tún ń yọ́ kẹ́lẹ́ wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Wilson fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú lẹ́tà yẹn? 'Celebrate'. 'Celebrate' tó wà lórí gbogbo káàdì ìpè òde àríyá láti Ìkòròdú dé Àdó-Èkìtì! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tó ga jù ṣe lọ́jọ́sí, òun ni ọmọ ọdún márùn-ún ń sọ lónìí.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ John Cheke, olùkọ́ Ọba Edward Kẹfà. Ó gbà pé kò yẹ kí Gẹ̀ẹ́sì yá ohun tó lè fi igi inú ọgbà rẹ̀ gbẹ́. Nígbà tó ń túmọ̀ ìwé Mátíù, kò lo 'centurion' tí í ṣe ti Látìn, 'hundreder' ló kọ, ìyẹn ẹni tó ni ọgọ́rùn-ún. Kò lo 'lunatic' fún ẹni tí wọ́n gbà pé òṣùpá ń dà láàmú, 'mooned' ló kọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbà, àwọn ọ̀rọ̀ náà kú sínú ìwé. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá yín wàyí, ẹ wo Mátíù orí kẹjọ. Kí ni Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ pe centurion? Balógun ọ̀rún. Ohun tí Cheke fẹ́ tí wọn ò gbà fún un, tiwa gbà á, kò sì sẹ́ni tí ó ṣàjèjì sí. Bí mo bá sì sọ fún yín pé balógun ọ̀rún dùn létí ju 'centurion' lọ, ẹ má bá mi jà.

Ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ń dùn mọ́ mi kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ràbàtà yẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gbọ́ 'groak'. Ní Scotland ni wọ́n ti ń sọ ọ́: kí ọmọdé dúró ti ẹni tó ń jẹun, kó máa wo òkèlè láti inú àwo dé ẹnu, kó máa retí pé wọ́n á fún òun. Gbogbo wa la ti ṣe é nígbà tí àlejò bá wá, ìyá wa á sì fojú bá wa sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'apricity', tí Henry Cockeram kọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ lọ́dún 1623: ìgbóná oòrùn nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú ìwé atúmọ̀ èdè láti ọjọ́ náà. Ẹ lọ sí abúlé lásìkò ọyẹ́, ẹ jí jáde ní agogo méje àárọ̀. Ẹ ó rí àwọn bàbá tó gbé àpótí síta, tí wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ní àwọn ń yá oòrùn. Ohun tí Cockeram fi Látìn wá kiri nìyẹn o, alángbá náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn mìíràn ò kú, wọ́n kàn para dà ni. 'Nice' tí ẹ fi ń yin ara yín lórí Instagram, òpè ló túmọ̀ sí nígbà tó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, látinú ọ̀rọ̀ Látìn tó ń jẹ́ ẹni tí kò mọ nǹkan. 'Meat' ni gbogbo oúnjẹ, kì í ṣe ẹran nìkan. 'Girl' ni ọmọdé, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. 'Lord' ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ bó ti yẹ: 'hlafweard' ni lédè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì. 'Lady' sì ni 'hlæfdige', ẹni tó ń pò ó. Nítorí náà, House of Lords, ilé àwọn aṣọ́búrẹ́dì. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì báyìí, àwa náà nílò wọn.

Èyí tó jọ tiwa jù ni ti ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ogún ogún ka nǹkan nígbà kan rí. 'Score' ni wọ́n ń pe ogún, ọ̀dọ̀ àwọn Viking ni wọ́n ti gbà á, ó sì túmọ̀ sí àmì tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé sára igi: bí wọ́n bá ka ogún, wọ́n á gé ọ̀kan. Nígbà tí Abraham Lincoln máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Gettysburg lóṣù kọkànlá ọdún 1863, kò sọ pé ọdún 87, ó ka ogún mẹ́rin, ó wá fi méje lé e. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ náà lónìí gbà pé ewì ni. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin tí à ń pè yẹn, ṣebí ogún mẹ́rin náà ni? Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ní Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Lincoln fún un. Ẹ̀yin wo ló mọ̀ ọ́n kà kọjá ọgbọ̀n láì fi 'thirty-one' bọ̀ ọ́? Kí ẹ má dáhùn.

'Fortnight' náà, òru mẹ́rìnlá ni, kì í ṣe géèmù Fortnite ni mò ń sọ o. Tacitus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 98 pé òru ni àwọn ẹ̀yà Jámánì fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ ọjà làwa fi ń kà á, ibẹ̀ ni ìtàdógún ti wá, tí àwọn ìyá wa ṣì ń fi dá èsúsú. Gẹ̀ẹ́sì ní 'sennight' pẹ̀lú, òru méje, òun ti sùn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 'thou', nítorí òun ni gbogbo wa rò pé a mọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ ọ pé Òyìnbó ò ní ọ̀wọ̀ nínú èdè wọn, pé 'you' ni wọ́n ń pe ọmọdé, 'you' náà ni wọ́n ń pe àgbà? Èmi náà máa ń sọ ọ́. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe rí. 'Thou' ni ìwọ, ẹnì kan ṣoṣo. 'Ye' àti 'you' ni ẹ̀yin, èèyàn púpọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún 13, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi 'you' bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bí onítọ̀hún bá jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ṣe ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ẹ káàárọ̀, o káàárọ̀, ọ̀nà kan náà ni.

Ó wá di pé bí ẹ bá fi 'thou' pe ẹni tí kò yẹ kí ẹ fi pè, ìwọ̀sí ni. Lọ́dún 1603 tí wọ́n gbé Walter Raleigh lọ sílé ẹjọ́, Edward Coke tó ń rojọ́ fún ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ ń fi 'thou' bá a sọ̀rọ̀ kó lè tẹ́ ẹ. Ẹ fojú inú wò ó: àgbà ìjòyè tó dúró ní kóòtù, lọ́yà wá ń pè é ní 'ìwọ yìí'. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìjọ Quaker, tí George Fox jẹ́ aṣáájú wọn, dé, tí wọ́n ní gbogbo èèyàn dọ́gba níwájú Ọlọ́run, pé 'thou' làwọn á máa pe gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe adájọ́. Ìyà ọ̀rọ̀ yẹn jẹ wọ́n dáadáa.

Èwo ló wá kú nínú méjèèjì? Ìwọ ló kú! 'Thou' ló lọ, ó ku díẹ̀ ní àwọn abúlé àríwá ìlú Ọba bíi Yorkshire. 'You' ló ṣẹ́kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Òyìnbó kì í pe gbogbo èèyàn ní ìwọ bí a ṣe rò, ẹ̀yin ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn, títí kan ajá wọn. Àti pé nígbà tí ẹ bá gbọ́ 'Thou' nínú Bíbélì King James ti 1611, tí ara yín bù máṣọ pé ẹ gbọ́ èdè ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ, ìwọ ni wọ́n ń pe Ọlọ́run níbẹ̀, bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń pè é lédè Yorùbá nìyẹn náà. Mo sọ èyí fún àǹtí mi kan tó ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì nítorí ó ní Yorùbá ò bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run tó. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ẹ ṣọ́ra ṣá o. Gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kọ́ ló jẹ́ òótọ́. Kódà àwọn ọ̀gá fúnra wọn máa ń ṣubú. Lọ́dún 1934, ìwé atúmọ̀ èdè Webster lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tó ń jẹ́ 'dord'. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Ẹnì kan ló kọ 'D or d' sórí bébà pélébé, pé lẹ́tà náà lè dúró fún 'density', ẹlòmíràn wá so ó pọ̀, ó di ọ̀rọ̀. Ó tó 1939 kí wọ́n tó fura pé ọ̀rọ̀ náà ò ní bàbá, kò ní ìyá.

Ti Oxford ló ń jọ mí lójú. Ìwé yẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èrò rẹ̀ lọ́dún 1857, tí apá kìíní rẹ̀ jáde lọ́dún 1884, tí wọn ò sì parí títí di 1928, kì í yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Bí ọ̀rọ̀ bá kú, àmì idà kékeré kan ni wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó dà bí àgbélébùú orí sàréè, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ta ló bá wọn kó gbogbo rẹ̀ jọ? Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lásán ló ń ka ìwé nílé, tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ kọ sórí bébà, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́, láì gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ jù ni William Chester Minor, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí orí rẹ̀ ti dàrú, tó pa èèyàn ní London, tí wọ́n sì tì í mọ́ ilé ìwòsàn Broadmoor. Inú yàrá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń ṣe é, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwé kan náà ló ń kó tiwa lọ báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, japa, agbèrò, ẹ̀bà àti àbí wọ ibẹ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ méjì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ọ́: 'last year'. Èṣí ni tiwa. Ọdún tó ṣáájú èṣí, kò sí orúkọ kan fún un ní Gẹ̀ẹ́sì rárá, àfi kí wọ́n to ọ̀rọ̀ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ìdúnta ni tiwa. Lọ́jọ́ Sátidé, mo bi àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó ń wo bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa ohun tí èṣí àti ìdúnta jẹ́. Àkọ́kọ́ ní ṣé Èṣù ni mo fẹ́ pè. Ìkejì ní ìdúnta, àbí ohun tí wọ́n fi ń ta nǹkan ni? Ìkẹta mọ èṣí, ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìṣẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó mọ ìdúnta.

Mo ti ń múra láti bá wọn wí nígbà tí mo rántí pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù mi lédè Yorùbá nípa owó ilé. Mo yọ fóònù, mo wò ó. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mo san án pé *last two years*, sà." Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mo ti fóònù bọ àpò padà, mo bá wọn wo bọ́ọ̀lù.

Àbúrò mi tún ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Mo bi í pé lẹ́yìn gbogbo ẹjọ́ tí mo rò fún un, kí ló fẹ́ wí bí wọ́n bá tún bi í pé ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní òun á ní Mọ́ńdè.